Ẹwìrì Gàzálì

Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Gàzálì. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ mọ́tò láì mọ iye púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ariwo lásán ló ń pa, ariwo sì ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀.

Ẹnu gáréèjì Ọ̀rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Owó epo rọ̀bì ti wọ ìgboro. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko lánàá ti di onímọ́tò, kò sì mọ̀ pé mọ́tò ń jẹun ju ẹṣin lọ. Púlọ́ọ̀gì, bẹ́líìtì, kọ́ńtáàtì, gbogbo ohun pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí mọ́tò kò lè ṣe láìní ni mò ń tà. Olúbísí lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Púlọ́ọ̀gì ni gbogbo gáréèjì ń pè mí. N kò fẹ́ràn orúkọ náà. Mo kàn ń jẹ́ ẹ ni, torí oníbàárà ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Pius mẹkáníìkì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọ Oǹdó ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì wà lára àwọn èèyàn díẹ̀ tí mo lè jókòó tì láti àárọ̀ dalẹ́ láìbínú.

Òyìnbó kan nínú àwọn tó ń la títì Èkó sí Bìní ló kọ́kọ́ ni ọkọ̀ tí Gàzálì ń wà. Òyìnbó náà so ẹ̀rọ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bẹ́líìtì ló ń yí ẹ̀rọ náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa fa afẹ́fẹ́ láti ìta, kó máa rọ́ ọ wọ inú ẹ́ńjìnnì ju ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì lè fi imú ara rẹ̀ fà lọ. Pius ló sọ ọ́ ní ẹwìrì, nítorí ohun tí ẹwìrì ń ṣe fún iná alágbẹ̀dẹ náà ló ń ṣe fún iná inú ẹ́ńjìnnì. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Bí wọ́n bá ti tẹná mọ́ ọkọ̀ náà, ẹwìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Súfèé náà á máa ga sí i bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i, títí gbogbo ajá ẹ̀bá títì á fi máa gbó.

Nígbà tí òyìnbó ń padà sí ìlú rẹ̀, Gàzálì ra ọkọ̀ náà, ó sì ń fi ná ọ̀nà Bìní. Àwọn èrò á jẹ́ kí mọ́tò méjì mẹ́ta lọ, wọ́n á dúró de tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò kéré. Bí èèyàn bá kí i kú iṣẹ́, kò ní fẹnu dáhùn, iná ni yóò tẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ẹwìrì á bá a jẹ́ hòo.

Ìyá rẹ̀, Límátù, ń gbé l'Àgọ́ Aláyè. Ìhà Ìwó ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá, wọ́n gba oko kòkó ṣe lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Ọkọ kú, ìyàwó dúró ti oko. Nínú gbogbo ọmọ tó bí, Gàzálì nìkan ni Ọlọ́run dá sí fún un. Ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, ojú rẹ̀ ti ṣú. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, kò rí èèyàn. Tó bá wá gba oògùn ojú l'Ọ̀rẹ̀, ilé mi ló máa ń sùn. Mo fẹ́ràn obìnrin náà. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ríran, èmi àti òun á sì jókòó, a ó máa bú gbogbo ẹni tó bá yẹ ká bú, kí oorun tó gbé wa lọ.

Etí ló fi ń mọ̀ pé ọmọ òun ń bọ̀. Òkè kan wà kí a tó dé Àgọ́ Aláyè. Bí Gàzálì bá ti ń gun òkè yẹn, ẹwìrì á súfèé, gbogbo ìlú á gbọ́. Límátù kì í jáde wo ọ̀nà. Ibi tó bá jókòó sí náà ni yóò ti pe Jàmíátù, obìnrin ará ilé kejì tó ń bá a dáná. Á ní, "Gbé omi kaná, ọmọ mi ti wà lórí òkè." Kí Gàzálì tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, omi ẹ̀bà ti ń hó.

Púlọ́ọ̀gì ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti Gàzálì. Oríṣi méjì ni mo ní tó lè wọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Téèyàn bá wò wọ́n lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n téèyàn bá dà wọ́n délẹ̀ tó wo ẹnu wọn, tánganran funfun inú ọ̀kan gùn, ti èkejì kúrú. Èyí tó gùn máa ń gbé ooru pamọ́ sẹ́nu. Òun ló dára fún mọ́tò tó ń rìn jẹ́jẹ́, kí èéfín má baà dì í. Èyí tó kúrú máa ń tètè da ooru nù sára irin. Òun ló yẹ mọ́tò ẹlẹ́wìrì, nítorí iná inú rẹ̀ ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Èyí tó gùn là ń pè ní gbígbóná, èyí tó kúrú là ń pè ní tútù. Gàzálì bi mí pé kí lòun fẹ́ fi púlọ́ọ̀gì tútù ṣe nínú ọkọ̀ tó ń sáré bí iná. Mo ní torí pé ó ń sáré bí iná náà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ìyá Púlọ́ọ̀gì fẹ́ ta èyí tí kò tà fún òun. Gbígbóná ló rà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu púlọ́ọ̀gì tún wà níbẹ̀, ìyẹn àlàfo kékeré tí iná ń fò kọjá. Ìdá ayùn irin, ìyẹn abala pẹlẹbẹ lára ayùn tí a fi ń gé irin, ni gbogbo mẹkáníìkì Ọ̀rẹ̀ fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ìdá ayùn bá ti gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á ní ó ti tó. Ṣùgbọ́n Pius gé ìdá ayùn kan, ó fi òkúta lọ̀ ọ́ títí tó fi fẹ́lẹ́, ó so òwú pupa mọ́ ọn. Ti ọkọ̀ ẹlẹ́wìrì nìyẹn, kì í fi wọn mọ́tò mìíràn. Ó ṣàlàyé fún Gàzálì pé afẹ́fẹ́ tí ẹwìrì ń rọ́ wọlé ki púpọ̀, tí ẹnu púlọ́ọ̀gì bá fẹ̀, iná kò ní lè fò ó. Ó ní ẹni tó bá ń ṣá ìṣáná níbi tí atẹ́gùn wà, ṣebí ọwọ́ ló ń pa dé e, kì í nà án síta. Gàzálì ní ọkọ̀ ńlá, iná ńlá. Tí Pius bá ti fún ẹnu wọn tán, tó yíjú, Gàzálì á tú wọn, á fẹ ẹnu wọn padà.

Orí rẹ̀ le. Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti sọ ọ́ títí, èmi àti Pius fi í sílẹ̀. Ó ku páálí kan lọ́wọ́ mi nínú púlọ́ọ̀gì tútù náà, mẹ́rin péré, láti ìgbà òyìnbó. Mo gbé e sórí pẹpẹ òkè pátápátá, eruku sì bò ó.

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni Ọlọ́rundáre dé. Ará Àgọ́ Aláyè ni, àgbẹ̀ kòkó, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Límátù. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún, mo sì ti mọ̀. Ó ní Límátù kírun Àsùbáà tán, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò sì jí mọ́. Ó ní Alfa Màmúdù ti sọ pé àwọn yóò dúró de ọmọ rẹ̀ di Àlásárì, ìrun ìrọ̀lẹ́. Àwọn kò lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òkú Mùsùlùmí kì í di ọjọ́ kejì nílẹ̀ bí kò bá nídìí.

Gàzálì ti gbéra lọ sí Bìní láti ìdájí. Kò sí ohun tí a lè ṣe ju ká dúró dè é lọ. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo nu ojú, mo ta bẹ́líìtì fún ẹnì kan.

Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Límátù ti fọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ púpọ̀. Ẹyọ kan ló kù tó lè sin òun náà, kó rí ojú rẹ̀ kẹ́yìn, kó bá wọn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tí mo rò ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. N kò ro nǹkan mìíràn.

Wọ́n ti kírun Àìlà, ìrun ọ̀sán, tán nígbà tí ọkọ̀ náà dé. Kò súfèé wọ̀lú bó ṣe máa ń ṣe. Ikọ́ ló ń hú, inú rẹ̀ sì ń dún gbá-gbá-gbá bí ẹni ń fi òkúta lu agolo. Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń bú Gàzálì. Pius ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú púlọ́ọ̀gì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Tánganran wọn funfun bí egungun, ó ti lé róro, irin ẹnu wọn sì ti ń yọ́. Ó kàn tò wọ́n sórí tábìlì mi kí Gàzálì lè fojú ara rẹ̀ rí wọn.

Ọlọ́rundáre dìde, ó jíṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe é ló ṣe é. A kì í deédéé sọ ọ̀rọ̀ ikú lu ọmọ olókùú lójú títì. Ó ní ara ìyá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá, wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé. Gàzálì béèrè bóyá ojú náà ni. Ọlọ́rundáre ní òun kò lè sọ, bóyá ojú náà ni.

Dírẹ́bà kan tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ gbéra gbọ́ ọ, ó ní kó wọlé, òun á yà gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé. Èmi àti Ọlọ́rundáre ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, kó tètè wọ ọ́. Gàzálì mi orí.

"Tí mo bá wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn, ìyá mi ò ní mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀," ó ní. "Ẹ ní ara wọn ò yá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi láti orí òkè, ọkàn wọn á balẹ̀."

Dírẹ́bà náà dúró díẹ̀, ó wò wá, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo fa àpótí, mo gùn ún, mo gbé páálí púlọ́ọ̀gì tútù sọ̀kalẹ̀, mo fẹ́ eruku ara rẹ̀.

Ẹ máa gbọ́, ó tún jà. Ó ní gbígbóná lòun fẹ́. Mo ní n kò ní gbígbóná fún ọkọ̀ ẹlẹ́wìrì mọ́ títí ayé. Ó ní ó dáa, kí Pius fi tútù sí i, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí ẹnu wọn fẹ̀ dáadáa. Pius fa ìdá ayùn olówùú pupa yọ nínú àpò, ó mú púlọ́ọ̀gì kìíní. Ó rọra fi orí rẹ̀ kan igi èèkù òòlù, díẹ̀, díẹ̀, irin ẹnu rẹ̀ ń tẹ̀ wálé. Ó ki ìdá bọ̀ ọ́, ìdá lọ gbẹrẹfu. Ó tún kàn án mọ́gi. Lẹ́yìn náà ó ki ìdá bọ̀ ọ́, ìdá ń lọ ṣùgbọ́n ó ń janpata díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń fa okùn ṣòkòtò. Ó ní ìyẹn ti tó. Ó mú èkejì.

Pius kì í kánjú, n kò sì lè dá a lẹ́bi, a kò tíì sọ fún un pé ẹnì kan ti kú. Gàzálì ní tirẹ̀ lọ ra búrẹ́dì fún ìyá rẹ̀ lódìkejì títì. Ó pẹ́ kó tó padà, nítorí ó ń ná an. Nígbà tó dé, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu púlọ́ọ̀gì lákọ̀tun, ó ní àlàfo yẹn kéré jù, èèrà kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Oòrùn ti ń yẹ̀. Òjò ń ṣú bọ̀ láti ìhà Odigbo. Ọlọ́rundáre ń húkọ́ tí kò ṣe é, ó ń wojú mi. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, ìbínú mi kì í sì í pẹ́ kó tó dé ẹnu.

"Gàzálì," mo ní, "ìyá rẹ ti kú. Láti àárọ̀ ni. Àlásárì ni wọ́n fẹ́ sin wọ́n."

Ó gbé búrẹ́dì náà lé orí ọkọ̀, jẹ́jẹ́. Kò ké. Ó bi Ọlọ́rundáre pé ta ló wà lọ́dọ̀ wọn. Ọlọ́rundáre ní Jàmíátù ni. Gàzálì mi orí sókè sódò, bí ẹni pé ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìkánjú gbé e. Pius ti parí mẹ́ta, ẹyọ kan ló kù lórí tábìlì. Gàzálì ní kò sí àyè ìdá ayùn mọ́, ó sì já púlọ́ọ̀gì náà gbà. Gbogbo dírẹ́bà ló ń fún ẹnu púlọ́ọ̀gì lójú ọ̀nà, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá a mọ́. Ohun tí Gàzálì náà mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi gbá a lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lu nǹkan ni. Kí Pius tó ní kó má gbá a, ó ti gbá a mọ́ sìmẹ́ǹtì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Pius gbà á, ó gbé e sétí, ó mì í. Ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Tánganran rẹ̀ ti là.

Mẹ́rin di mẹ́ta. N kò ní òmíràn, gbogbo Ọ̀rẹ̀ kò sì ní. Bìní ni a ti lè rí i, tàbí Ìbàdàn. Mo tú gbogbo pẹpẹ mi wò síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀. Pius nu ọwọ́ rẹ̀ nínú àkísà, ó ní ọ̀nà méjì ló wà.

"Tí mo bá fi tútù mẹ́ta àti gbígbóná kan sí i, tí ẹwìrì ń fẹ́ ẹ, gbígbóná kan yẹn á pọ́n bí ẹyin iná. Á máa tan epo kí àsìkò tó tó. Ó lè gbé ọ délé. Ó sì lè dá písítìn lu sáàárín igbó, kó o má délé rárá."

Gàzálì ní kó sọ èkejì.

"Ká yọ bẹ́líìtì ẹwìrì. Ká yọ páìpù rẹ̀ kúrò lẹ́nu kábúrétọ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa fi imú ara rẹ̀ mí. Gbígbóná tuntun mẹ́rin, ẹnu wọn kó gba ìdá ayùn tí gbogbo èèyàn ń lò. Á rìn bíi mọ́tò gbogbo ayé. Èyí á gbé ọ délé."

Èmi náà ní kó gba ti Pius. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ Gàzálì, kò gbọ́ ìmọ̀ràn kankan lẹ́nu wa rí, nítorí náà gbogbo wa dúró, a ń retí àríyànjiyàn. Kò jiyàn.

"Ẹ yọ ọ́," ó ní. "Ta ló tún kù tó fẹ́ gbọ́ ọ?"

Iṣẹ́ náà kò pẹ́ rárá. Pius ju bẹ́líìtì àti páìpù sí búùtù pẹ̀lú sípánà tó fi tú wọn, ó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Gàzálì ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń lọ geere. Láti ìgbà òyìnbó, kò tíì sí ọjọ́ tí èèyàn lè dúró ti ọkọ̀ yẹn kó sọ̀rọ̀ láì gbóhùn sókè. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi ti kú, mo sì dúró níbẹ̀ tí inú mi ń dùn sí ohùn ẹ́ńjìnnì. Bó ṣe rí nìyẹn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, èmi àti Ọlọ́rundáre wọ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ó wa ọkọ̀ náà dáadáa. Kò kọ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ pupa oko ti rọ̀ nítorí òjò àná, àwọn igi kòkó ń ro omi lọ́tùn-ún lósì, a sì ń gbọ́ bí táyà ṣe ń jẹ òkúta. Ọlọ́rundáre ń ka iye àwọn tó ti dé sílé òkú, ta ló gbẹ́ ilẹ̀, ta ló wẹ̀ ẹ́. Gàzálì kò sọ ju gbólóhùn kan lọ.

"Ó dákẹ́ jù," ó ní.

Mo ní bí mọ́tò tí ara rẹ̀ yá ṣe ń dákẹ́ nìyẹn.

A gun òkè Àgọ́ Aláyè láìsí wàhálà. Láti orí rẹ̀, mo rí àwọn páànù ilé nísàlẹ̀, mo sì rí ojú ọ̀run tó ti dúdú lẹ́yìn wọn. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. N kò gbọ́ ẹkún, n kò gbọ́ igbe ọmọdé, n kò gbọ́ odó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn mi. Mo fọwọ́ kan Gàzálì léjìká láti ẹ̀yìn, mo ní wọn ò tíì sin wọ́n, wọ́n ń dúró dè é. Ó ní ó dáa. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

A kò tíì dé ìdí òkè náà tí ẹkún fi sọ nínú ìlú, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Nígbà tí a dé ilé, Gàzálì kò pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé. Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn, níbi tí àwọn ọkùnrin wà. Èmi àti Ọlọ́rundáre tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n mo dúró sí igun ilé, níbi tí obìnrin lè dúró sí. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ ọkùnrin bíi mẹ́wàá, òjò sì ń lé wọn. Wọ́n ti ń ti erùpẹ̀ ìkẹyìn, wọ́n ń tún ojú rẹ̀ ṣe. Alfa Màmúdù yíjú padà, ó rí Gàzálì, ojú rẹ̀ sì yí padà. Àgbàlagbà ni, ọ̀rẹ́ bàbá Gàzálì. Ó kọ́kọ́ wo ọ̀nà, bí ẹni tó ń wá ohun tó gbé Gàzálì wá.

"A kírun sí wọn lára lẹ́yìn Àlásárì," ó ní. "Òjò ń bọ̀. Àwọn èèyàn ní ká bo ilẹ̀ kí omi tó kún inú rẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká tẹ́tí ná, tí Gàzálì bá wà lórí òkè, a máa gbọ́ ọ. Mo ní kí àwọn obìnrin dákẹ́ ẹkún. Wọ́n dákẹ́. Gbogbo wa tẹ́tí, ọmọ mi. A tẹ́tí títí. A ò gbọ́ nǹkan kan."

Gàzálì bi í pé ìgbà wo nìyẹn.

"Ìsinsìnyí ni," Alfa Màmúdù ní.

Ọlọ́rundáre yíjú wo òkè. Gàzálì rọra béèrè bóyá a lè ṣí ibi orí nìkan, díẹ̀, kí òun rí ojú wọn. Alfa mi orí, omi sì ń bọ́ lójú òun náà. Ó ní ohun tí ilẹ̀ bá ti gbà, ó ti gbà á nìyẹn. Gàzálì bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó dà á sí i. Ó dúró ti àwọn tó ń ṣàdúà, ó ń ṣe àmín pẹ̀lú wọn.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, n kò sì rí ẹni tí màá bínú sí. Ìmọ̀ràn Pius dára. Tí ẹlòmíràn bá gbé mọ́tò ẹlẹ́wìrì wá lọ́la pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì tútù mẹ́ta, ohun kan náà ni a ó sọ fún un.

Nígbà tí àdúà parí, Gàzálì kò wọlé. Ó lọ sídìí ọkọ̀, ó ṣí búùtù, ó kó bẹ́líìtì àti páìpù jáde, ó mú sípánà. Mo tẹ̀ lé e, mo dúró tì í. Ó dá páìpù padà sẹ́nu kábúrétọ̀. Ó ki bẹ́líìtì bọ ẹwìrì, ó fà á le. Mo mọ irú púlọ́ọ̀gì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹni tó tà á ni mo jẹ́. Mo mọ bí tánganran wọn ṣe gùn tó àti bí ẹnu wọn ṣe fẹ̀ tó. Mo mọ̀ pé wọn ò ní gba afẹ́fẹ́ ẹwìrì. N kò sọ fún un.

Ó wọlé, ó ṣáná sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ẹwìrì súfèé. Ó ga kọjá orí páànù, ó kọjá orí igi kòkó, ó lọ títí ó fi kan òkè tí a gbà wá. Àwọn ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Àwọn ọkùnrin tó ń fọwọ́ nínú garawa dá ọwọ́ dúró. Láti ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, mo rí Jàmíátù láàárín àwọn obìnrin, ojú rẹ̀ ti wú láti àárọ̀. Ó dìde. Ó lọ sídìí àdògán, ó fẹ́ná, ó bu omi sí ìkòkò, ó gbé e kaná. Àwọn obìnrin tó kù ń wò ó. Kò sẹ́ni tó ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà húkọ́. Gàzálì tún tẹ̀ ẹ́. Ẹwìrì tún súfèé, ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ bí iná ṣe ń kú lẹ́nu àwọn púlọ́ọ̀gì náà. Ọ̀kan lọ, èkejì tẹ̀ lé e. Ó tẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbọ̀n rìrì tó sì kú. Nígbà náà ni òjò dé.

Gàzálì jókòó sínú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìtọ́kọ̀. Mo sáré wọ ilé ìdáná lọ sá òjò. Omi náà ti ń hó lórí iná. Jàmíátù dúró tì í pẹ̀lú igbá gààrí lọ́wọ́, kò sì dà á sí i.